Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀: Àyẹ̀wò Òfin Ìwà Àwọn Aṣojú Ìjọba Ìbílẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹun. Òwe yìí dùn létí, òótọ́ sì ni fún alágbẹ̀dẹ, fún aránṣọ àti fún ìyá tó ń ta àkàrà. Ṣùgbọ́n tí ẹni tí a dìbò yàn sí káńsù bá fi í ṣe àwáwí, ó di òwe tó ń ba ìlú jẹ́. Owó tó wà níwájú alágbẹ̀dẹ, tirẹ̀ ni. Owó tó wà níwájú alága káńsù, ti gbogbo wa ni. Òwe mìíràn wà tó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bó ti wù kí ènìyàn gbọ́n, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó, kò yẹ kó jókòó dá ẹjọ́ tí èrè rẹ̀ yóò wọ àpò òun fúnra rẹ̀.

Òwe kejì yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àròkọ yìí. Ohun tí mo fẹ́ wọ̀n ni òfin tí Nàìjíríà ṣe fún àwọn alága káńsù, àwọn káńsẹ́lọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí àǹfààní ara wọn má baà forí gbárí pẹ̀lú iṣẹ́ ìlú. Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni mò ń gbé, láti ibẹ̀ ni mo sì ti ń wo òfin náà. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí òfin yìí ṣe wà lónìí, ṣé ó lè dáàbò bo gọ́tà àdúgbò wa, ọjà wa, àti àga tí àwọn àbúrò wa ń jókòó lé nílé ìwé?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá kò jìnnà. Àfikún Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: bíbójú tó ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran àti ibi ìsìnkú, títì àdúgbò àti gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ, àti lílọ́wọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún àkójọ náà wò. Díẹ̀ ni èyí tí owó kì í rìn nínú rẹ̀. Ẹnì kan ni yóò gba ìsọ̀ lọ́jà, ẹnì kan ni wọn yóò gbé iṣẹ́ gọ́tà fún, ẹnì kan ni yóò kan àga ilé ìwé. Àwọn tó wà ní káńsù ló sì máa ń lọ́wọ́ nínú yíyan ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ tiwa ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin tún ní ìdíjú tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ Festac Town sílẹ̀ de àwọn àlejò tó wá ṣe àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Títí di òní, Federal Housing Authority ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀, káńsù ní tirẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ní tirẹ̀. Ní ọdún 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ dá ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 sílẹ̀, Oríadé sì jáde láti ara Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Nígbà tí ọwọ́ bá pọ̀ nínú abọ́ kan, ó máa ń ṣòro láti mọ ọwọ́ tó mú ẹran.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó tó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ má dì í mú mọ́. Mo yọ̀ sí ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àpò owó sún mọ́ ẹnì kan, ó yẹ kí a gbé fìtílà sún mọ́ ọn pẹ̀lú.

Kí n tó wọnú òfin náà, ó yẹ kí ohun tí à ń sọ yé wa. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ láti kíláàsì. Ká ní olùkọ́ ní kí olórí kíláàsì yan ẹni tí yóò se ìrẹsì fún ayẹyẹ òpin ọdún, ìyá olórí kíláàsì yìí sì wà lára àwọn tó ń se oúnjẹ tà. Ọmọ náà kò tíì jí nǹkan kan. Kò tíì purọ́. Bóyá ìrẹsì ìyá rẹ̀ tilẹ̀ dùn ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, wàhálà ti wà nílẹ̀, nítorí pé kò sí bí yóò ṣe yàn án tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní wojú ara wọn. Bó bá yan ìyá rẹ̀, wọn yóò ní ojúsàájú ni. Bó bá yan ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù ẹnu ayé ló mú un fi oúnjẹ tó dára sílẹ̀. Ọ̀nà kan péré ló mọ́: kó sọ fún olùkọ́ pé, “Ìyá mi wà nínú wọn o, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn yan èyí,” kó sì bọ́ sẹ́yìn. Kì í ṣe olè ni òfin tí mò ń sọ yìí ń lé ní pàtàkì. Ipò tí ọkàn ènìyàn ti pín sí méjì ni ó fẹ́ dènà.

Ìtàn ilẹ̀ wa ní àpẹẹrẹ ńlá kan lórí èyí. Dókítà Nnamdi Azikiwe ló dá báńkì African Continental Bank sílẹ̀, nítorí pé àwọn báńkì òyìnbó kì í fẹ́ yá àwọn oníṣòwò adúláwọ̀ lówó. Nígbà tó di olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ kó owó ìlú sínú báńkì náà, owó ọ̀hún sì tó nǹkan bíi £2,000,000. Ariwo sọ. Ní ọdún 1956, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Stafford Foster-Sutton, ìròyìn wọn sì jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1957. Ìgbìmọ̀ náà gbà pé ìfẹ́ láti ran àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ wà nínú ohun tó mú un dá báńkì náà sílẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ní ohun tó ṣe kò tó ohun tí ọmọlúàbí ń retí lọ́wọ́ ẹni tó wà nípò bẹ́ẹ̀. Azikiwe gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú báńkì náà fún ìjọba Ìlà-Oòrùn, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn olùdìbò, wọ́n sì tún yàn án. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé inú rere kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni rere pẹ̀lú lè wà ní ipò tí kò tọ́.

Ẹ̀ka ti Ìwọ̀-Oòrùn náà kò mọ́ nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker, tó ṣiṣẹ́ ní ọdún 1962, rí i pé iléeṣẹ́ kan tí àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ni, ń gba owó ńlá láti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń darí. Ní Èkó fúnra rẹ̀, ọdún 1953 ni ìròyìn Bernard Storey, akọ̀wé ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde lórí ìṣàkóso Lagos Town Council. Kì í ṣe òní ni àìsàn yìí wọ káńsù.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká ṣí òfin náà. Inú Àfikún Karùn-ún ìwé òfin ọdún 1999 ló wà. Ó dárúkọ alága, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé ó kàn wọ́n. Gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ sí ipò tí àǹfààní ara rẹ̀ yóò ti forí gbárí pẹ̀lú ojúṣe rẹ̀. Mo kan sáárá sí gbólóhùn yìí. Ó ṣe kedere, ó sì gbòòrò. Kò dúró de ìgbà tí owó bá sọnù kó tó sọ̀rọ̀.

Apá tó wù mí jù lọ ni èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bùn. Àwa Yorùbá kì í lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo, a kì í sì í ṣe ayẹyẹ kí ènìyàn má náwó. Òfin tó bá ní kí alága káńsù má gba ẹ̀bùn kankan láyé, irọ́ ni yóò máa pa fún ara rẹ̀. Àwọn tó kọ òfin yìí mọ ilé. Wọ́n ní ó lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwọ̀n tí àṣà bá gbà, ní àsìkò tí àṣà bá sì gbà á. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fún un níbi ayẹyẹ ìlú, ti iléeṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ló fún un, òfin ti kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ àyàfi tó bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Iṣu tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́dún ìjẹṣu yàtọ̀ sí àpò ìrẹsì ogójì tí agbaṣẹ́ṣe kó wá lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín iṣẹ́ gọ́tà.

Òfin náà tún ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní gbogbo àsìkò má ṣe máa darí òwò tara rẹ̀, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan. Ó ní ẹni tó bá rán ẹlòmíràn láti ṣe ohun tí òfin kọ̀, òun gan-an ló ṣe é. Ìyà rẹ̀ kò sì kéré: ilé-ẹjọ́ Code of Conduct Tribunal lè yọ ènìyàn nípò, ó lè gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá tí kò tọ́ sí i, ó sì lè ní kó má di ipò ìjọba mú fún ìgbà tó tó ọdún 10. Òfin tó dá àjọ ICPC sílẹ̀ ní ọdún 2000 tún fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 kún un fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ní ìpín nínú iṣẹ́ àgbàṣe tó ti iléeṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Bí òfin bá ní eyín báyìí, kí ló dé tí kò fi ń bù ènìyàn jẹ ní àdúgbò? Mo rí ihò mẹ́rin lára rẹ̀.

Èkíní, ó sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe, kò sọ ohun tí a ó ṣe. Ká ní káńsẹ́lọ̀ kan wà ní ìpàdé, wọ́n wá gbé orúkọ iléeṣẹ́ àbúrò rẹ̀ jáde fún iṣẹ́ títì. Kí ni kó ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn? Ṣé kó dìde ni? Ṣé kó dákẹ́? Ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀? Òfin Ìwà náà kò wí nǹkan kan. Ó dà bí ìyá tó sọ fún ọmọ pé kó má ṣubú, tí kò sọ ibi tí àtẹ̀gùn wà.

Èkejì, ojú rẹ̀ kò tó ẹbí wa. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń kéde dúkìá rẹ̀, ìwé òfin ní kó fi ti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 18 tí wọn kò sì tíì ṣègbéyàwó kún un. Òfin tó dá àjọ Code of Conduct Bureau sílẹ̀ fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọkọ tàbí aya, àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21. Ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àna, ọmọ àbúrò bàbá àti bàbá ìsàlẹ̀ nínú òṣèlú lè wúwo lọ́kàn ènìyàn ju ọmọ ọdún méjì lọ? Òfin ICPC mẹ́nu ba ẹbí àti alábàáṣepọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìwà ìbàjẹ́ bá ti ṣẹlẹ̀ ni ìyẹn ń wúlò, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́.

Ẹ̀kẹta, àsìkò rẹ̀ jìnnà síra. Ẹni tó bá gba ipò yóò kéde dúkìá rẹ̀ nígbà tó wọlé, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, àti nígbà tó bá ń jáde. Ní Èkó, ìbò káńsù wáyé ní 2017, 2021 àti 2025. Ìyẹn ni pé alága lè kéde lọ́jọ́ tó wọlé àti lọ́jọ́ tó jáde nìkan. Gbogbo iṣẹ́ àgbàṣe tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì, òkùnkùn ni.

Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù. Ìwé òfin ní kí àjọ Code of Conduct Bureau jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ wo ìwé ìkéde dúkìá náà rí i, lábẹ́ ìlànà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá fi lélẹ̀. Láti 1999, àwọn aṣòfin kò fi ìlànà náà lélẹ̀. Ìwé wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tí ìwé náà ń sọ nípa wọn. Nígbà tí Ààrẹ Umaru Yar’Adua gbé tirẹ̀ jáde fún gbogbo ayé ní 2007, ìyàlẹ́nu ló jẹ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó fipá mú un. Òfin tó bá dúró lórí inú rere ẹni tó fẹ́ mú, kò tíì di òfin.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń dìbò, tí àwọn kan sì ti di káńsẹ́lọ̀, òfin Localism Act ti ọdún 2011 fún káńsẹ́lọ̀ ní ọjọ́ 28 láti kọ iṣẹ́, ilé, ilẹ̀ àti ìpín rẹ̀ nínú iléeṣẹ́ sílẹ̀, àti ti ọkọ tàbí aya rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló lè ka ìwé náà. Bí ọ̀rọ̀ tó kàn án bá wá sí ìpàdé, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kò sì gbọ́dọ̀ dìbò lé e lórí. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ dá ògbóǹtarìgì òṣèlú kan ní Dorset lẹ́bi nítorí pé ó jókòó, ó sì dìbò ní ìpàdé tó kan iléeṣẹ́ ìkọ́lé tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olùdarí rẹ̀. Kò wẹ̀wọ̀n. Ìyà tiwọn kò tó tiwa rárá. Ṣùgbọ́n ìwé wọn wà ní ìta, tiwa wà nínú àpótí. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń ṣe ohun tí pàṣán ńlá inú òkùnkùn kò lè ṣe.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, “Ìlú kan náà ni gbogbo wa. Bí a bá ní kí ẹbí káńsẹ́lọ̀ má gba iṣẹ́, ta ni yóò ṣe é? Ṣé àlejò ni?” Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Láàárín àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ àti àwa tí òbí wa wá gbé Festac, Satellite Town tàbí Mile 2, àjọṣe ti wọra. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí àpẹẹrẹ ìrẹsì yẹn. N kò ní kí ìyá olórí kíláàsì má se oúnjẹ tà. Kí ọmọ rẹ̀ má jẹ́ ẹni tí yóò yàn án ni mo ní. Bí iléeṣẹ́ àbúrò káńsẹ́lọ̀ bá mọ iṣẹ́, kó bá àwọn yòókù díje, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà níta nígbà tí wọ́n bá ń yàn.

Àwọn mìíràn yóò ní òfin ti pọ̀ jù, ìmúṣẹ ni kò sí. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ìdajì. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ Òfin Ìwà yìí, alága kan àti ọmọ ìgbìmọ̀ méjì ni ìwé òfin fi síbẹ̀, Àbújá sì ni ìjókòó wọn. Kò lè máa ṣọ́ gbogbo káńsù 774 lójoojúmọ́. Nítorí náà gan-an ni ìṣọ́ fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Kò sì pọn dandan ká dúró de Àbújá. Ìgbìmọ̀ káńsẹ́lọ̀ lágbára láti ṣe òfin àdúgbò àti ìlànà ìpàdé tirẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n ṣe nǹkan mẹ́ta, àwọn ni ìwọ̀nyí. Kí ìwé kan wà ní sẹkitéríàtì káńsù tí alága, káńsẹ́lọ̀ àti àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ yóò kọ òwò wọn àti ti ẹbí wọn tó súnmọ́ sí, kí wọ́n máa tún un kọ bí nǹkan bá yí padà, kí ará ìlú sì lè kà á láìsanwó. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ ọ́ ní ìpàdé, kó jáde, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n lẹ orúkọ iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́, iye owó rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ni ín gan-an mọ́ ara ògiri. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò le bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020 ti ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iléeṣẹ́ fi ara rẹ̀ hàn.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ọ̀nà kan ti ṣí sílẹ̀ tí a kò tíì rìn dáadáa. Òfin Freedom of Information ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kọ lẹ́tà béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó kan ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè fi ọ̀wọ̀ kọ ojú ìwé kan láti béèrè ta ni wọ́n gbé àga ilé ìwé fún, iye tó jẹ́, àti bí wọ́n ṣe yàn án.

Ní ti àwa akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ wa kò tíì tó dìbò. Ṣùgbọ́n a ní olórí kíláàsì, a ní àwọn tó ń kó owó jọ, a ní àwọn tó ń kọ orúkọ aláriwo, tí ọ̀rẹ́ wọn sì wà lára àwọn tó ń pariwo. Ẹni tó bá kọ́ láti sọ pé “ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn dá a” nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò ní ṣòro fún un láti sọ ọ́ nígbà tó bá di káńsẹ́lọ̀. Òfin wa ní gbólóhùn àkọ́kọ́ tó dára. Ohun tó kù ni kí a kọ gbólóhùn tó tẹ̀lé e, kí a sì kọ ọ́ sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á.